Ọ̀nà Ọdẹ: Láti Aro dé Kétu, àti Ohun tó Kù nínú Igbó Wa

Nígbà tí a bá ń kọ ìtàn sínú ìwé ọdún bí irú èyí, ìtàn ọba ni a máa ń kọ jù: ẹni tó jẹ, ẹni tó wàjà, ilé tí oyè kàn. Ìtàn tó yẹ ni, n kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n kí ọba kankan tó gorí ìtẹ́ ní Kétu, ẹnì kan ti mọ ọ̀nà débẹ̀. Kì í ṣe ọba. Ọdẹ ni, Alálùmọ̀n ni orúkọ rẹ̀, ọ̀nà tó là ni mo sì fẹ́ kí a jọ rìn lónìí, ọ̀nà tó gba inú ọ̀dàn àti igbó, tó gba ibùsùn ẹran àti etí odò.

Ohun tí àwọn àgbà fi lé wa lọ́wọ́ ni pé láti Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti gbéra, Ṣóípàṣán ló ṣáájú. Wọ́n dé Òkè-Oyán, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pínyà. Àwọn kan kọrí sí Ọ̀yọ́, àwọn kan kọrí sí Ṣábẹ̀, àwọn tiwa lọ tẹ̀dó sí Aro. Ọba jẹ tẹ̀lé ọba ní Aro títí ó fi kan Ẹdẹ. Nígbà ayé Ẹdẹ ni wọ́n tún dìde, ìdílé 120 ni ìtàn sọ pé ó bá a dìde, Alálùmọ̀n ló sì wà níwájú. Parrinder, àlùfáà òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé lórí ìtàn Kétu ní ọdún 1956, gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn àgbà ìgbà náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nílé baba rẹ̀ kò nílò ìwé láti gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ pé ọdẹ ló wà níwájú. Ọ̀pọ̀ wa máa ń gbọ́ ọ kọjá ni, bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ìtàn lásán ni. Ìdílé 120, ẹ rò ó wò. Aboyún wà níbẹ̀, arúgbó wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà, ẹrù tí wọ́n rù, òrìṣà tí wọ́n gbé dání. Irú èrò báyìí kò lè rìn bí ọmọ ogun. Kò lè kọjá ọjọ́ kan láìrí omi. Kò lè sùn síbi tí ìkookò ń jẹ̀ sí. Akọni tó gbé idà lọ́wọ́ kọ́ ló lè mú wọn débi kan. Ẹni tó ti dá nìkan sùn sínú igbó yẹn rí ni, ẹni tó mọ ibi tí ẹfọ̀n ti ń mumi lóṣù tí òjò kò rọ̀, tó mọ igi tó ní ihò tí omi ń dúró sí, tó sì mọ ọ̀nà tí erin ti tẹ̀ kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́.

Nítorí òótọ́ ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà àtijọ́, ẹran ló kọ́kọ́ là á. Ẹran ńlá kì í fi agbára ṣòfò. Ó máa ń gba ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́, ó máa ń sọdá odò níbi tí omi ti tínrín, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le. Ọdẹ tẹ̀ lé ẹran, àgbẹ̀ tẹ̀ lé ọdẹ, oníṣòwò tẹ̀ lé àgbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọba wá ní kí wọ́n ro ojú ọ̀nà. Àmì tí ọdẹ fi sílẹ̀ kò pọ̀: ẹ̀ka igi tí ó ṣẹ́ tó dojú kọ ibi tí ó lọ, èèpo igi tí ó fi àdá há, òkúta tí ó gbé lé orí òkúta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan.

Ilẹ̀ tí wọ́n gbà kọjá kì í ṣe igbó dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó jẹ́ kó yé wa pé láàárín igbó ńlá tó wà níhà Gánà àti èyí tó wà níhà Nàìjíríà, àlàfo kan wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí ọ̀dàn ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun. Ohun tó wà lọ́dọ̀ wa ni ọ̀dàn tí igbó ṣù síbí ṣù sọ́hùn-ún nínú rẹ̀, bí erékùṣù nínú omi. Èyí ló mú kí ẹran ilẹ̀ wa pọ̀ ní oríṣi: ìgalà, ẹfọ̀n, awó àti àparò ti ọ̀dàn, ẹtu, ọ̀bọ àti òòrẹ̀ ti igbó, ọ̀yà níbi tí koríko bá ti ga. Ọ̀bọ kan tilẹ̀ wà tí àyà rẹ̀ pọ́n, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní apá ibi tiwa yìí, láti Tógò dé gúúsù Nàìjíríà. Ó ṣì kù díẹ̀ nínú igbó Lama, níhà ìwọ̀ oòrùn odò Wẹ̀mẹ̀. Ọdẹ tó gbọ́n yóò mú èrò gba ọ̀dàn lọ́sàn-án, kí ojú wọn lè ríran jìnnà, yóò sì mú wọn sún mọ́ etí igbó bí oòrùn bá ń wọ̀, kí wọ́n lè rí igi dá iná àti ibi forí pamọ́ sí. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Alálùmọ̀n ṣe, torí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ tí mo mọ̀ ṣì ń ṣe.

Omi ni ìṣòro tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Orí ilẹ̀ gíga pẹrẹsẹ ni Kétu wà, odò kankan kò ṣàn láàárín ìlú. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí bí a ṣe ń gbe omi òjò sínú ìkòkò àti kòtò, àti bí okùn kànga ṣe máa ń gùn. Odò ńlá wà ní ìwọ̀ oòrùn, òun ni Wẹ̀mẹ̀. Ọ̀kpárá, tí í ṣe ọmọ rẹ̀, wà ní àríwá, òun náà ló di ààlà wa pẹ̀lú Nàìjíríà fún ọ̀nà jíjìn. Yewa bẹ̀rẹ̀ nítòsí wa, ó sì ń ṣàn lọ sí gúúsù. Kétu wà láàárín gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí Ẹdẹ fi yan ibi tí kò lómi. Èrò tèmi ni pé ibi tí kò lómi ni ọ̀tá kò lè jókòó tì fún ìgbà pípẹ́. Ọdẹ tó mọ ihò omi tó fara sin ló lè gbé irú ibẹ̀, àjèjì kò lè gbé e.

Nítorí náà, ọ̀nà àwọn baba wa kì í ṣe ọ̀nà ẹran nìkan, ọ̀nà ẹja ni pẹ̀lú. Omi Wẹ̀mẹ̀ kì í ga nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lórí wa. Òjò àríwá ló ń gbé e dìde, nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló máa ń kún jù. Bí omi bá ti ń fà, ẹja á kù sínú àbàtà àti adágún tó wà létí odò. Ní ìsàlẹ̀ odò, níhà Bonou àti Adjohoun, àwọn ènìyàn máa ń gbẹ́ kòtò ẹja gígùn sínú ilẹ̀ tí omi ń bò, ẹja á wọ inú rẹ̀ nígbà tí omi kún, wọn á sì kó o nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lókè odò, lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣábẹ̀, ìgèrè, àwọ̀n àti ìwọ̀ ló pọ̀ jù. Àrọ̀ àti èpìyà tí wọ́n bá pa, wọn á yan án, á wá gba ojú ọ̀nà yìí kan náà bọ̀ wá sí ọjà Kétu, nígbà tí iṣu àti ẹran gbígbẹ tiwa bá ń lọ. Ìyá àgbà wa kò rí Wẹ̀mẹ̀ rí títí ó fi kú, ṣùgbọ́n bó bá gbóòórùn ẹja yíyan, ó lè sọ fún ọ bóyá láti odò ló ti wá tàbí láti ọ̀sà.

Mo dárúkọ Ṣábẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá láti Òkè-Oyán, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe ìlara rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn: àwọn òkè. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Dassa lọ sókè yóò rí i lókèèrè, òkúta dúdú roboto tó yọrí jáde nínú ọ̀dàn. Nígbà tí ogun Dàhòmẹ̀ dé, òkè yẹn ni àwọn ará Ṣábẹ̀ sá gùn. Lónìí, àlejò ń san owó láti gun òkè bẹ́ẹ̀ fún fàájì, wọ́n á jókòó sórí rẹ̀, wọ́n á máa wo oòrùn bó ti ń wọ̀. N kò bú wọn, èmi náà ti gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ tẹ orí àpáta yẹn, ẹ̀mí ló gbé sá lọ.

Kétu kò ní òkè. Odi àti yàrà ni a gbẹ́, ẹnu ọ̀nà Akaba Ìdènà ni a fi ti ọ̀nà. Nígbà tí Samuel Crowther wá kí Alákétu ní ọdún 1853, ó rí bí ẹnu ọ̀nà náà ti lágbára tó. Ìgbà yẹn, ọ̀nà ọdẹ ti di ọ̀nà ìṣòwò tó so Abẹ́òkúta mọ́ ìwọ̀ oòrùn. Kò pẹ́ tó tún fi di ọ̀nà ogun. Ní 1883, ogun Dàhòmẹ̀ wọ ìlú. Ní 1886 wọ́n padà wá, wọ́n dó ti ìlú, wọ́n sì fọ́ ọ pátápátá. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń túmọ̀ orúkọ ìlú wa: ta ló lè tú iké, ta ló lè fọ́ ìlú? Ọdún 1886 jẹ́ ọdún tí ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu. Ẹni tí kò kú ni wọ́n kó lọ sí Abomey, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín.

Ọdún mẹ́jọ ni Kétu fi wà láìsí ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ẹ mọ ohun tí igbó ń ṣe láàárín ọdún mẹ́jọ. Igi hù nínú yàrá, ejò gbé inú àgbàlá, ẹran padà sí ibi tí Alálùmọ̀n ti kọ́kọ́ bá wọn. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Bẹ̀hánzìn, wọ́n gba àwọn ènìyàn wa láyè láti padà ní 1894, Onyegẹn sì jẹ Alákétu. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí a da Kétu. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí náà, ẹni tó lè wọ inú igbó láìbẹ̀rù ni yóò ti ṣáájú. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan tí mo kà.

Kí ìlú tó tún dúró dáadáa ni ọ̀nà ti gé sí méjì. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jókòó ní Yúróòpù, wọ́n fa ààlà gba àárín ilẹ̀ Alákétu. Ìmẹ̀kọ àti àwọn ará ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, olú ìlú wọn bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ẹtu kò mọ ààlà, ọdẹ kò sì kà á sí fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ààlà kà á sí.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí kò ṣẹlẹ̀ níbí. Nínú àwọn tí wọ́n tà kọjá òkun láti ilẹ̀ Kétu, àwọn abòrìṣà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì wà, òrìṣà ọdẹ, ẹni tó ń rìn nínú igbó pẹ̀lú ọrun àti ọfà. Ní Salvador ti Bahia, ní Brazil, orúkọ Kétu ni wọ́n fi ń pe ìran àwọn ilé òrìṣà tó lókìkí jù, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń kí bí ọba Kétu. Ilé kan wà níbẹ̀ tí a mọ̀ sí Alákétu títí dòní, àwọn onílé náà sì ń tọ ìran wọn dé ìdílé Aro níbí, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ọba wa márùn-ún. Pierre Verger, òyìnbó Faransé tó di babaláwo ní Kétu níbí ní 1953, tó sì gba orúkọ Fátúmbí, lọ wo ìhà méjèèjì. Ó kọ ọ́ pé ìsìn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì gbilẹ̀ ní Brazil, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní Kétu, torí pé àwọn tó ń bọ ọ́ ni wọ́n kó tà. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ń rántí igbó tí wọn kò fojú rí. Àwa tí igbó wà lẹ́yìn ilé wa ńkọ́?

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Bí ẹ bá jáde ní ìlú láàárọ̀ kùtù lónìí, bóyá ẹ gba ọ̀nà Idigny tàbí ẹ gba ọ̀nà Adakplamè, ẹ ka iye àpò èédú tí ẹ máa rí létí ọ̀nà, kí ẹ tún ka iye igi ìrókò. Mo ti kà á. N kò ní sọ iye rẹ̀, kí wọ́n má baà ní mo fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni. Igi tíkì pọ̀, ó ní èrè, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í fẹ́ràn abẹ́ tíkì, ewé rẹ̀ kì í jẹ́ kí koríko hù, ẹtu kò sì rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ọ̀yà ṣì wà, ó ṣì ń dúró létí ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó ń fi í han ọlọ́kọ̀. Ìgalà ti dín kù. Ti ẹfọ̀n, ẹ bi àwọn bàbá wa bí wọ́n bá rí i rí kí wọ́n tó tó ọmọ ogún ọdún. Àwọn kan ní ìbọn ọdẹ ló fa á. Mo rò pé iná ni, àti èédú. Ọdẹ kan pẹ̀lú ṣakabùlà kò lè pa igbó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sun igbó nínú ọyẹ́ kí ó lè lé òkété kan jáde ti pa ilé ẹran ọgọ́rùn-ún.

Òfin kò ṣàìsí. Òfin igbó wà láti ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1993. Òfin ẹranko igbó wà láti oṣù kẹwàá ọdún 2004, ó sọ irú ẹran tí a kò gbọ́dọ̀ pa rárá àti èyí tí a lè pa pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Èyí tó kàn wá jù ni àṣẹ tí àwọn mínísítà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2012 lórí àwọn igbó orò àti igbó òrìṣà. Àṣẹ yìí ló jẹ́ kí igbó tí àwọn baba wa yà sọ́tọ̀ di ohun tí ìjọba mọ̀, tí kọmúnù lè bá àwọn onígbó ṣètò, kí wọ́n sì dáàbò bò ó. Ó nílò kí àwọn onígbó wá, kí wọ́n sọ ibi tí igbó náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Ẹ̀yin aláṣẹ wa ní ilé mẹ́rì, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀. Èyí kò ná owó bí ọ̀nà ọ̀dà.

Kí ló dé tí mo fi so ó pọ̀ mọ́ ọ̀nà Alálùmọ̀n? Nítorí pé ọ̀nà náà kò tíì kú. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ Alákétu gbọ́dọ̀ tọ ipasẹ̀ Ẹdẹ. Kì í kàn jókòó sílé kí wọ́n wá dé e ládé. Ó gbọ́dọ̀ rin ibi tí àwọn tó kọ́kọ́ dé rìn, kí ó dúró níbi tí wọ́n dúró, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ Yá Mẹpẹrẹ. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí èrò Ẹdẹ dé, ilẹ̀ ti ṣú, iná kò sí. Ìyá arúgbó kan ti ń gbé nítòsí, Kpankou ni wọ́n máa ń dárúkọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti lọ tọrọ iná. Àwọn kan ń pè é ní àjẹ́. Èmi rò pé onílé ni. Ẹni tí a bá nílé ni a ń tọrọ iná lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn wa kò sì fi pamọ́ pé ẹlòmíràn ti wà níbí kí a tó dé. Inú mi máa ń dùn sí i pé a kò yọ obìnrin yẹn kúrò nínú ìfọbajẹ.

Ó dára kí ọba rìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan láàárín ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún ni ọba ń jẹ. Láàárín ìgbà méjì yẹn, ta ló ń tọ́jú ojú ọ̀nà? Bí oko gbàgúdá bá gba ibùdó kan, tí ilé bá gba òmíràn, tí wọ́n gé igi tí wọ́n fi ń mọ ẹ̀kẹta, àwọn àgbà á máa fi ọwọ́ júwe ibi tí kò sí nǹkan mọ́. Nígbà tí a bá ń wí pé kí àlejò wá wo ilẹ̀ wa, Akaba Ìdènà nìkan ni a ń fi hàn wọ́n, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gun zẹ́mijàn padà sí Pobè kó tó di ọ̀sán. Ọ̀nà tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀, tó lè gbọ́ igbe àparò, tó lè jókòó sábẹ́ igi jẹ iṣu àti ẹja Wẹ̀mẹ̀, tí ọdẹ kan sì ń sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, a ní i. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Cotonou àti Paris kò mọ̀ pé a ní i. Àwọn ọmọ ọdẹ tí kò ríṣẹ́ ni wọ́n ì bá máa mú àlejò rìn ín, ó sì sàn fún wọn ju èédú lọ.

Ìmọ̀ràn mi kéré. Kí a kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn ibùdó náà sílẹ̀, láti ibi tó jìnnà jù tí a lè dé láìkọjá ààlà títí dé Yá Mẹpẹrẹ. N kò kọ wọ́n síbí, nítorí pé mo gbọ́ ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu ìdílé méjì, kò sì sí lọ́wọ́ mi láti ṣe ìdájọ́ láàárín wọn. Àwọn ìdílé ọba márààrún, ilé Alálùmọ̀n, àti ẹgbẹ́ ọdẹ ni kó jókòó. Ẹni tó bá mọ orúkọ igi kan, tàbí ihò omi kan, tàbí ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń dẹ ègùn sí, kí ó wá bá akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn tí ijó bá parí lọ́jọ́ kẹta ọdún. Ìwé wà níbẹ̀, kálàmù wà níbẹ̀. Bí àgbà náà kò bá lè rìn wá, ẹ sọ fún wa, a ó wá bá a nílé.